Ohun Tí Eṣinṣin Èso Kọ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn Nípa Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Pín

Eṣinṣin kéékèèké tó máa ń ṣù bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tó sì máa ń rà bàbà lẹ́nu akèrègbè ẹmu, kò níyì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lé e dànù. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó ti lé ní 100 ọdún báyìí tí kòkòrò tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ yìí ti di olùkọ́ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú àwọn purotéènì tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń pín sí méjì. Iṣẹ́ ìpínyà yìí ló ń sọ ẹyin kan ṣoṣo di odidi ẹ̀dá. Bí ó bá sì bàjẹ́, ó lè di àrùn jẹjẹrẹ, ó sì lè mú kí wọ́n bí ọmọ tí orí àti ọpọlọ rẹ̀ kò tóbi tó bó ṣe yẹ.

Drosophila melanogaster ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe eṣinṣin èso yìí. Yorùbá a máa pe irú rẹ̀ ní kantíkantí. Ìdí tí wọ́n fi yàn án fún ìwádìí kò fara sin. Oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n, abo kan lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin, igò kékeré kan sì tó láti fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ooru inú yàrá bá wà ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ọjọ́ 10 péré ni ẹyin rẹ̀ fi ń di ìdin, tí ìdin ń wọnú èèpo, tí yóò sì jáde ní eṣinṣin tó ń fò. Kuromosóòmù rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tó gbé àkọsílẹ̀ ìran, jẹ́ méjì-méjì lọ́nà 4, nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ méjì-méjì lọ́nà 23. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ DNA rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, tí àwọn onímọ̀ sì fi í wé ti ọmọ ènìyàn, ó hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn jíìnì tó ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn ènìyàn ló ní ìbátan lára eṣinṣin yìí.

Ní ọdún 1910 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Hunt Morgan, ní Yunifásítì Columbia ní ìlú New York, rí eṣinṣin kan tí ojú rẹ̀ funfun láàárín àwọn olójú pupa. Láti ara eṣinṣin náà ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti fi hàn pé orí kuromosóòmù ni jíìnì wà. Iṣẹ́ yìí ló fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1933, ó sì la ọ̀nà fún gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e.

Wákàtí méjì àkọ́kọ́

Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó lè di méjì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo DNA inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò pín in dọ́gba sí apá méjì, tí yóò sì já ara rẹ̀ láàárín. Bí ó bá yára jù, ẹ̀dà kò ní pé. Bí ó bá ṣìṣe nígbà tó ń pín in, sẹ́ẹ̀lì kan yóò gbà ju ìpín rẹ̀ lọ, èkejì yóò sì gba àgbàkù. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

Inú ẹyin eṣinṣin èso ni àwọn onímọ̀ ti lè wo iṣẹ́ yìí bí ó ti ń sáré. Bí àtọ̀ akọ bá ti wọnú ẹyin, kóró inú ẹyin náà, níbi tí DNA wà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ọ̀kan yóò di 2, 2 yóò di 4, 4 yóò di 8. Ìpínyà kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú 8 sí 9 lọ. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 2, ìpínyà 13 ti wáyé, kóró bí 6,000 sì ti tò yí ẹ̀gbẹ́ ẹyin ká. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ nínú yàrá ìwádìí sábà máa ń lo nǹkan bí odidi ọjọ́ kan fún ìpínyà ẹyọ kan.

Ohun mìíràn tó yani lẹ́nu ni pé ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ògiri láàárín àwọn kóró náà. Inú ẹyọ yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, bí ilé tí èrò ti kún kí bíríkìlà tó wá mọ ògiri sí i. Ìyá ló sì pèsè gbogbo ohun tí wọ́n ń ná. Kí ó tó yé ẹyin ni ó ti di ẹrù purotéènì àti àṣẹ ìṣe purotéènì sínú rẹ̀, bí ìyá ti ń di oúnjẹ fún ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò. Lẹ́yìn ìpínyà kẹtàlá, eré náà á dáwọ́ dúró. Ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kóró kọ̀ọ̀kan ká, ọlẹ̀ inú ẹyin náà yóò sì di ẹni tó ń fi jíìnì tirẹ̀ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́, bíréékì àti ẹni tó ń tú u

Ta ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé àsìkò ìpínyà ti tó? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí wá láti ọ̀nà púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Leland Hartwell rí jíìnì tó ń ṣàkóso ìpínyà lára ìwúkàrà, ohun kan náà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ní Britain, Paul Nurse rí ọ̀gá nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Cdk1 lónìí, lára irú ìwúkàrà mìíràn. Ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jíìnì irú rẹ̀ láti ara ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ ti ìwúkàrà láìsí ìyọnu. Tim Hunt ní tirẹ̀ ń wo ẹyin ẹranko inú òkun kan tó ní ẹ̀gún lára bí òòrẹ̀, ní ọdún 1982, nígbà tó rí purotéènì kan tó ń pọ̀ sí i títí di àkókò ìpínyà, tó sì ń pòórá lọ́gán, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Cyclin ni ó sọ ọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001.

Bí wọ́n bá fi sẹ́ẹ̀lì wé ọkọ̀, Cdk1 ni ẹ́ńjìnnì, Cyclin sì ni kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá wọlé, ẹ́ńjìnnì kò lè dún. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ nìkan kò tó, nítorí purotéènì mìíràn tún wà tó ti fa bíréékì ọwọ́ sókè. Eṣinṣin èso ló fi ẹni tó ń tú bíréékì náà sílẹ̀ hàn nínú ara ẹ̀dá tó ń dàgbà.

Ní ìlú Heidelberg ní Jámánì, Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo jíìnì tí ọlẹ̀ eṣinṣin kò lè ṣe aláìní. Ọdún 1980 ni àbọ̀ ìwádìí wọn kọ́kọ́ jáde, àwọn àti Edward Lewis sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1995. Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbé jáde ni wọ́n sọ ní string. Ọlẹ̀ tí kò ní string a máa dàgbà dé ibi tí ìpèsè ìyá rẹ̀ bá gbé e dé, àmọ́ kò ní lè ṣe ìpínyà kẹrìnlá. Ní ọdún 1989, Bruce Edgar àti Patrick O'Farrell ní Yunifásítì California tó wà ní San Francisco ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Purotéènì String ló ń tú bíréékì Cdk1 sílẹ̀. Nígbà tí ti ìyá bá tán, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Èyí tó bá tètè ṣe é ni yóò tètè pín, èyí tó bá pẹ́ yóò dúró.

Ìgbà ìpín, ìgbà ìdúró

Ìdúró náà ní ìtumọ̀. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí ògiri bá ti yí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ká, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn ọlẹ̀ yóò ká wọnú, bí ẹni ká aṣọ, láti lọ di iṣan ara. Sẹ́ẹ̀lì kò lè máa pín kí ó sì tún máa ká ara rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2000, àwọn ẹgbẹ́ oníwádìí kéde jíìnì kan tó ń jẹ́ tribbles, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí String tètè pòórá nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kí wọ́n lè ráyè ká tán kí wọ́n tó pín. Níbi tí tribbles kò bá sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á kánjú pín, kíká náà á sì dàrú.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣe kedere. Ara tó pé kì í ṣe èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pín ṣáá, bí kò ṣe èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó pín àti ìgbà tó yẹ kí ó dúró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni èyí tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró.

Òpó méjì tó ń fa okùn

Nígbà tí àṣẹ bá ti jáde, iṣẹ́ ku pípín kuromosóòmù dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì á gbé òpó méjì kalẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, yóò sì na okùn tín-tìn-tín láti ara wọn láti di kuromosóòmù mú. Nígbà náà ni òpó méjèèjì á fa okùn wọn, kálukú á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Ní ọdún 1988, Claudio Sunkel àti David Glover kéde jíìnì eṣinṣin kan tó jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, òpó méjèèjì kì í dúró dáadáa, kuromosóòmù á sì pín sódì. Polo ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ Glover tún kéde òmíràn, aurora. Bí kò bá sí èyí, àwọn òpó kì í kúrò lára ara wọn, sẹ́ẹ̀lì á sì ní òpó kan péré. Ènìyàn ní ìbátan àwọn méjèèjì. Purotéènì PLK1, tó jẹ́ Polo ti ènìyàn, máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ọ̀pọ̀ irú jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Aurora.

Ọmọ tí orí rẹ̀ kò dàgbà tó

Ní ọdún 1985, Pedro Ripoll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe jíìnì eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní asp, tó ń mú kí okùn ìpínyà so mọ́ òpó rẹ̀ dáadáa. Ọdún 17 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí yóò ṣe kan ìdílé ènìyàn. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti Leeds ní Britain, tó ń wá ohun tó fà á tí àwọn ìdílé kan láti Pakistan fi ń bí ọmọ tí orí wọn kéré púpọ̀, rí i pé jíìnì ASPM ló ní àléébù lára àwọn ọmọ náà. ASPM yìí ni asp ti ènìyàn. Lónìí, òun ni wọ́n mọ̀ jù lọ nínú àwọn jíìnì tó ń fa irú orí kékeré tí òbí ń bí mọ́ ọmọ.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀ yé ni. Kí ọpọlọ ọmọ tó lè tóbi, àwọn ìyá-sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Bí ìpínyà wọn bá ń kùnà, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kò ní pọ̀ tó, agbárí kò sì ní rí ohun tí yóò tì í láti dàgbà. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba jíìnì alábùkù kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, kí ó sì gba òmíràn láti ọ̀dọ̀ ìyá, kí àìlera náà tó hàn. Ara àwọn òbí fúnra wọn le. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ó kan ọmọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí fún àwọn òbí AS méjì àti ọmọ SS. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ níbi tí ìbátan bá ti ń fẹ́ ara wọn.

Kì í ṣe gbogbo orí kékeré ló wá láti inú jíìnì. Kòkòrò àrùn Zika, tó jà ní Brazil ní ọdún 2015 àti 2016, máa ń kọlu àwọn ìyá-sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yìí kan náà. Ọtí líle nígbà oyún àti àwọn àrùn mìíràn náà lè fà á. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ru ìyá, tàbí kí ó pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ àfiṣe. Iṣẹ́ dókítà ni láti wá ohun tó fà á.

Ìpínyà tí kò dọ́gba

Nígbà mìíràn, ìpínyà tó tọ́ ni èyí tí kò dọ́gba. Ìyá-sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ìdin a máa bí ọmọ méjì, ọ̀kan á dúró sí ipò ìyá láti tún máa bímọ, èkejì á tún pín lẹ́ẹ̀kan péré kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí kò ní pín mọ́. Ní ọdún 1994, àwọn oníwádìí ní San Francisco fi hàn, nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di irun tí eṣinṣin fi ń mọ ohun tó kàn án lára, pé purotéènì kan tó ń jẹ́ Numb máa ń kó jọ sí apá kan sẹ́ẹ̀lì kí ó tó pín. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń jogún rẹ̀, ogún yẹn ló sì ń yà á sọ́tọ̀ sí ìkejì rẹ̀. Irú ètò yìí náà wà nínú ọpọlọ.

Bí ogún náà bá dàrú ńkọ́? Ní ọdún 2005, Emmanuel Caussinus àti Cayetano Gonzalez mú èérún ọpọlọ ìdin tí irú purotéènì bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ikùn eṣinṣin tó ti dàgbà. Èérún náà wú ju 100 ìlọ́po lọ, ó sì ràn dé àwọn ibòmíràn nínú ara. Àbájáde yìí kín èrò àwọn onímọ̀ lẹ́yìn pé jẹjẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá-sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti kúrò ní ipò ìyá.

Láti ara eṣinṣin dé orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn

Ìmọ̀ yìí ló ń ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Vincristine, tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé àti àwọn irú jẹjẹrẹ mìíràn, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rí okùn ìpínyà ta. Paclitaxel ní tirẹ̀ a máa sọ okùn náà di líle, tí kò fi ní ṣeé fà. Inú ewéko kan tí orísun rẹ̀ jẹ́ Madagascar, olódòdó funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn ènìyàn ń gbìn yíká ilé fún ẹwà, ni wọ́n ti ń yọ vincristine. Oògùn tó lágbára gan-an ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ẹni tó bá ń se ewé náà mu nílé kò lè mọ iye májèlé tó ń mu.

Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí palbociclib, oògùn tó ń dí àwọn ìbátan Cdk1 tí wọ́n ń pè ní CDK4 àti CDK6 lọ́wọ́. Irú jẹjẹrẹ ọmú tí èròjà hòmóònù ń mú dàgbà ni wọ́n ń lò ó fún.

Ọ̀nà Polo kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Oògùn volasertib, tó ń dí PLK1 lọ́wọ́, fúnni ní ìrètí púpọ̀ ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà lórí àwọn àgbàlagbà tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò so èso tí wọ́n retí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá pàápàá kò lè pín láìsí Polo. Bí wọ́n bá so ọwọ́ olè, wọ́n so ti onílé pẹ̀lú.

Ohun kan náà ló ń fa ọ̀pọ̀ ìnira tí aláìsàn ń rí nígbà ìtọ́jú. Gbòǹgbò irun, inú ẹnu, ìfun àti ọ̀rá inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń yára pín. Oògùn tó ń dá ìpínyà dúró kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí irun fi ń já, tí ẹnu fi ń ní egbò, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dín kù. Kì í ṣe àmì pé oògùn náà ti bàjẹ́ tàbí pé ẹnìkan ń bá aláìsàn jà. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, irun yóò tún hù lẹ́yìn ìtọ́jú.

Iṣẹ́ lórí eṣinṣin èso kò sì jìnnà sí ilé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, àwọn onímọ̀ ń lo kòkòrò yìí láti yẹ bí kẹ́míkà olóró ṣe ń ba ara jẹ́ àti bí èròjà inú àwọn ewéko ṣe ń ṣiṣẹ́ wò. Ìwádìí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti eku tàbí ọ̀bọ ni, ó sì lè fi hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ohun tí ìbá gba ọ̀pọ̀ oṣù lára ẹranko ńlá.

Fún ẹni tó wà lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ibà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, àrùn kékeré lè gbẹ̀mí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ara bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí tí òtútù bá ń mú aláìsàn gbọ̀n, kí àwọn ará ilé má ṣe fi oògùn ibà dá a dúró sílé di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kódà kí ó jẹ́ òru, kí wọ́n sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá wọn lóhùn níbẹ̀ pé ó ń gba oògùn jẹjẹrẹ.